Pẹ́dà Maṣíìnì Tó Di Ẹsẹ̀ Gìtá

Búlọ́ọ̀kù 31, Jakande Estate,
Ìlàsan, Lẹ́kí,
Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Òkúdù, 2025.

Waliyat, ọ̀rẹ́ tó ti di ọmọ ìyá mi,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, Abdulmajeed wa, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ tíṣà ńkọ́, àbí kíláàsì méjì ni wọ́n ṣì dì pọ̀ fún ọ? Wàrà tí o fi rán awakọ̀ láti Ìlọrin dé láìbàjẹ́. Ọjọ́ kan péré ni Olúwaṣemílóore ọmọ mi fi jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n bá òun kí Àǹtí Wàlí dáadáa. Ní ọ̀dọ̀ tiwa náà, a dúpẹ́. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ó bá Lẹ́kí ní gbólóhùn asọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàtà lọ́wọ́ ni mo fi wọ́ omi dé ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n àwọn télọ̀ ò dẹ́kun àti máa ba maṣíìnì jẹ́, èmi náà ò dẹ́kun àti máa tún un ṣe.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju ti fóònù lọ. Ṣé o rántí Bàbá Akínọ̀ṣọ́ tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa nígbà tí a wà ní kékeré? Bàbá gíga yẹn tó máa ń fẹsẹ̀ lásán lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa nínú sùtánà, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. O rántí ohùn tó máa ń jáde láti yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, tó dà bí obìnrin tó ń sunkún tó tún ń kọrin? Ìwọ lo sọ pé ó ti obìnrin kan mọ́lé. A fi etí lé ilẹ̀kùn rẹ̀ títí ìyá rẹ fi ká wa mọ́bẹ̀, etí náà ni wọ́n sì fà.

Mo ti rí obìnrin náà, Wàlí. Gìtá ni.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí Bàbá ti kú. Lóṣù tó kọjá, ìyàwó rẹ̀, Màmá Dúró, pè mí. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí, ọ̀dọ̀ Dúró ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé ní Thomas Estate, lápá Ajah. Wọ́n ní, “Àrínọlá, wọ́n ní ìwọ lò ń tún maṣíìnì ṣe. Wá bá mi to tèmi pọ̀ kí n tó kú.” Mo kó irinṣẹ́ mi, mo lọ.

Dúró ti kó gbogbo ẹrù wọn tó ṣẹ́kù ní Jakande sínú gáréèjì rẹ̀. Màmá fi ọ̀pá tọ́ka sí nǹkan méjì fún mi. Àkọ́kọ́ ni orí maṣíìnì àtijọ́ kan, dúdú, tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé. Èkejì rí bíi tábìlì tóóró, àmọ́ àyè okùn mẹ́wàá ló wà lójú rẹ̀, mẹ́ta péré ni kò tíì já. Lábẹ́ rẹ̀, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ méjì sọ̀ kalẹ̀ sára pẹ́dà maṣíìnì, irin pẹlẹbẹ tí télọ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bó bá ń ránṣọ. Ìyẹn ò lè rú mi lójú, iṣẹ́ mi ni.

Màmá ní, “Pẹ́dà mi nìyẹn. Yọ ọ́ kúrò lára nǹkan yìí, kí o dá a padà sábẹ́ maṣíìnì mi.”

Ó yẹ kí n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Síkúrù mẹ́rin ló dè é, kò tó iṣẹ́ ìdajì wákàtí. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe so ó, mi ò sì fẹ́ dìde mọ́. Bí mo bá fi ọwọ́ tẹ iwájú pẹ́dà, wáyà kan á fa okùn kan, ohùn rẹ̀ á gòkè. Bí mo bá tẹ ẹ̀yìn, wáyà kejì á dẹ okùn mìíràn, tiẹ̀ á rọlẹ̀. Àwọn okùn yòókù ò ní mira rárá. Ta ló kọ́ bàbá yìí? Níbo ló ti rí i? Mo dìde, mo parọ́ fún Màmá pé mi ò mú sípáná tó bá a mu wá. Inú àpò mi ló wà. Láti ọdún méjìlélógún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò parọ́ irú ẹ̀ fún oníbàárà rí.

Dúró sìn mí dé géètì. Ó ti hewú, o lè má dá a mọ̀. Ó ní, “Àrínọlá, má fi falẹ̀ o. Yọ ọ́, kí n kó ìyókù dànù. Nǹkan yẹn ò jẹ́ kí ilé wa tòrò.”

Ó wá ròyìn fún mi. Lọ́dún 1978, Ọbáléńdé ni wọ́n ń gbé. Màmá ń ránṣọ, Bàbá ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin. Màmá lọ tọ́jú àbúrò wọn tó bímọ ní Ẹ̀pẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n máa dé, orí maṣíìnì wọn ń bẹ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní, kò lẹ́sẹ̀ mọ́. Yúnífọ́ọ̀mù mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ti gé sì wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì rán. Dúró ní ọmọ ọdún mẹ́fà lòun, àmọ́ òun rántí pé ọwọ́ ni Màmá fi rán gbogbo ẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ń gún wọn, tí wọn ò sì bá Bàbá sọ̀rọ̀ títí ọdún fi yí po. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò ránṣọ mọ́ láyé wọn. Búrẹ́dì ni wọ́n lọ ń tà.

Àṣé ìdí tí a fi mọ̀ wọ́n sí Ìyá Oníbúrẹ́dì nìyẹn! Gbogbo búrẹ́dì tí a jẹ lọ́wọ́ wọn, a ò mọ̀ pé télọ̀ ni wọ́n.

Mo bi Dúró pé ta ló tún mọ̀ nípa gìtá náà. Ó ní kò ju Bàbá Tájù lọ, ọ̀rẹ́ bàbá òun, kápíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ní Ajah. Mo lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìrun Àsárì. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, wọ́n gbé igi tí wọ́n ń fá sílẹ̀.

“Ó ṣì wà?” ni wọ́n bi mí. “Dúró ò tíì dáná sun ún?”

Rédíò ni wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Orin òyìnbó kan máa ń wá lórí rédíò, gìtá inú ẹ̀ máa ń yọ̀ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn. Bàbá Akínọ̀ṣọ́ mọ gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sórí itan, tí wọ́n ń fi irin wọ́ lórí okùn. Ṣùgbọ́n nínú èyí, okùn kan máa ń gòkè nígbà tí ìkejì dúró sójú kan, irin kan ṣoṣo ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá Tájù ní, “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan ló já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó pariwo pé, ‘Tájù! Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ń ta okùn. Ọwọ́ òsì ẹ̀ di irin mú. Kí ló kù lára ọmọ èèyàn? Ẹsẹ̀ ni!’”

Wọn ò rí irú ẹ̀ rí, kódà nínú fọ́tò. Ilẹ̀kùn ìrókò kan tí ẹni tó ni ín ò padà wá gbà ni Bàbá Tájù gé fún pákó rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lo pẹ́dà kẹ̀kẹ́, ó le jù. Wọ́n lo igi, ó ṣẹ́. Ti maṣíìnì nìkan ló rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, tó sì ń lọ síwájú sẹ́yìn láìdún.

Mo ní, “Kí ló dé tí wọn ò bi ìyàwó wọn?”

Bàbá Tájù nu ojú wọn. “Ó ní òun kàn fẹ́ yá a dán wò fún ọjọ́ kan ni, pé kí ìyàwó òun tó ti Ẹ̀pẹ́ dé, òun á ti dá a padà. Ó wá lọ dún, Àrínọlá. Ó dún! Kò lè tú u mọ́.”

Mo bi wọ́n bóyá Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ nílẹ̀ wa. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, àwọn ò sì ní purọ́. Ohun tí àwọn mọ̀ ni pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, atukọ̀ òkun kan mú ìwé kan wá tí fọ́tò gìtá àwọn òyìnbó náà wà nínú ẹ̀. Pẹ́dà wà lábẹ́ rẹ̀! Bàbá Akínọ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ṣì ń rò ó, Wàlí. Ṣé inú ẹ̀ dùn pé ohun tí òun rò tọ̀nà ni, àbí ó dùn ún pé ẹlòmíì ti ṣe é ṣáájú òun? Kí lo rò?

Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú Bàbá Tájù àti okùn tuntun lọ sí Thomas Estate. Mi ò sọ fún Màmá tẹ́lẹ̀. Èmi náà ò bèèrè, àfi ìgbà tí mo dé ẹnu géètì ni mo tó rò ó. Bàbá Tájù so okùn mọ́ ọn, wọ́n jókòó, wọ́n fi irin wọ́ okùn, wọ́n tẹ pẹ́dà. Ohùn kan jáde, gbogbo irun ara mi dìde. Ohùn tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fa etí wa nìyẹn.

Màmá fi ọ̀pá jáde láti inú ilé. Mo rò pé wọ́n máa lé wa ni. Wọ́n dúró, wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Tájù, o ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Pẹ́dà yẹn máa ń fì sí òsì. Gìgísẹ̀ lo máa fi dá a dúró. Sún.” Wọ́n fa àga, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e. Bàbá Tájù ń ta okùn, Màmá ń tẹ pẹ́dà. Kò wọ̀ dáadáa nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó máa di ìgbà kẹta, Dúró ti jáde wá, ó gbé ọwọ́ lérí.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, mo rọra bi Màmá pé, “Ẹ̀yin Màmá, ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?” Wàlí, mo ti mọ èsì tí mo fẹ́ gbọ́.

Wọ́n ní, “Yọ ọ́.”

Mo yọ ọ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Síkúrù mẹ́rin náà ti dípẹtà, Bàbá Tájù di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi. Mo dá pẹ́dà padà sábẹ́ maṣíìnì, mo fi bẹ́líìtì tuntun sí i, mo rọ epo sí i. Màmá jókòó ti àkísà kan, wọ́n ránṣọ tààrà láti etí dé etí, wọ́n gé òwú náà. Wọ́n wá wo gìtá tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú wáyà tó ń rọ̀ dirodiro.

“Ká ní ó bi mí ni,” ni wọ́n wí, “ǹ bá fún un.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Tájù, ṣebí kápíńtà ni ẹ́? Wá ẹsẹ̀ tirẹ̀ fún un.”

Ohun tí à ń ṣe láti ọjọ́ náà nìyẹn. A ti ra pẹ́dà bíréèkì ọ̀kadà àlòkù kan, mo ti jó o mọ́ ọn, àmọ́ kì í padà sókè bí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Sípíríǹgì ló kù. Lánàá òde yìí, Dúró fúnra rẹ̀ rántí pé sípíríǹgì wà nínú àga ògbólógbòó kan tó jẹ́ ti Màmá. Mo ti na ọwọ́ sí i. Ó ní kí n dúró. Ọkùnrin tó ní òun máa kó o dànù yìí ló wọlé, tó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ pé, “Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yọ sípíríǹgì kan lára àga yín?”

Màmá wò ó títí. Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Ẹ gbà mí o! Ọmọ Akínọ̀ṣọ́ mà ń bèèrè! Mú méjì.”

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kí Rùkáyàt àbúrò rẹ. Tí ẹ bá gba ìsinmi, ẹ máa bọ̀. Yàrá wà, Màmá sì ti ní kí n mú ọ wá.

Èmi tí wọ́n jọ fa etí wa lọ́jọ́ kan náà,
Àrínọlá.