Ẹni Tó Jókòó Lé Ọwọ́ Rẹ̀

Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti fi ẹnu mi ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná kí n tó kí yín.

Bàbá mi, ẹ kú àtijọ́. Èmi ọmọ yín ni, èyí tó ń ta bọ́tìnì àti òwú ìránṣọ ní Ìtamàgà, ní Ìkòròdú. Kí Ọlọ́run máa fi àlìjánnà kẹ́ yín. Mi ò ní pẹ́ lórí ìkíni, ẹ̀yin náà kò fẹ́ràn ẹni tó ń kí èèyàn bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

Wàsíù, ọmọ mi tí ẹ máa ń gbé kọ́rùn lọ wo omi ní Ẹ̀pẹ́, ti di awakọ̀ bàálù. Ní báyìí ó fẹ́ di olùkọ́, ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìdánwò kan tí wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀: ọ̀gá kan á bá ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ gòkè, á ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ nǹkan kan, á máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe lójú òfurufú. Á máa wo ìgbà tí olùkọ́ máa lo ẹnu, àti ìgbà tó máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fìdí rẹmi níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pe àwa òbí sí ìpàdé orí fóònù. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn olùkọ́ ò tó mọ́, àwọn fẹ́ yọ ìdánwò yẹn kúrò. Ẹni tó bá ti mọ bàálù wà lè kọ́ ẹlòmíì. Àwọn òbí ń ṣe àmín bí ẹni tó wà ní mọ́ṣáláṣí. Bàbá, mo gbìyànjú kí n dákẹ́. Ẹnu mi ló kọ̀.

Mo ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Mo ní bàbá mi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ títí tó fi darúgbó, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá torí pé ó mọ àjẹ̀ lò. Mo sọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é fún wọn: ẹ á ní kí onítọ̀hún jókòó sáàárín ọkọ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, kó jókòó lé e. Ẹ á wá fi ẹni tí kò tukọ̀ rí sídìí ọkọ̀. Ẹnu nìkan ni kó fi kọ́ ọ lọ, kó fi kọ́ ọ bọ̀. Tó bá yọ ọwọ́ kí ewu tó dé, kò yege. Tó bá jókòó lé e títí ewu fi dé, kò yege náà.

Ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín. "Màmá Ìkòròdú, bàálù là ń sọ o, kì í ṣe ọkọ̀ apẹja!"

Mo ní, "Ẹ ṣé o, Dádì. Ẹni tó bá já bọ́ nínú ọkọ̀ apẹja lè lúwẹ̀ẹ́ wálé. Tiyín ńkọ́?"

Ọ̀gá ní ó dáa, ẹni tó bá wù kó ṣe ìdánwò náà, kó ṣe é. Ẹni tí kò bá wù, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ojú ẹsẹ̀ ni Wàsíù pè mí. "Mọ́mì, ẹ dójú tì mí. Wọ́n ti ń pè mí ní Ọmọ Apẹja." Ó ní òun ò ní ṣe ìdánwò tí kò pọn dandan. Mo ní kó wá bá mi ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá lè jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ láti etí omi dé ibi tí àwọn apẹja ri igi mọ́lẹ̀ sí, kó sì kọ́ mi padà, èmi fúnra mi á pe ọ̀gá rẹ̀, màá ní mo ṣìwí.

"Kọ́ ẹ̀yin kẹ̀? Ta ló máa wà nídìí ọkọ̀?"

Èmi ni, Bàbá. Mo jókòó síbẹ̀. Ibi tí ẹ ní ọmọbìnrin yín kò gbọdọ̀ jókòó sí láé, tí ẹ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ tán tí ẹ ò kọ́ èmi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ bínú. Ọkọ̀ yín tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò báyìí la gbé. Mo wé gèlè mi mọ́ ìbàdí, mo gba àjẹ̀.

Kíá ni ọkọ̀ ń pòyì bí òkòtó. "Apá ọ̀tún, Mọ́mì. Ẹ rọra. Ẹ má bá omi jà." Ohùn yín gan-an ni. Ó kọ́ mi dáadáa o, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́. Àfi bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ńlá kan ṣe kọjá tí ìgbì gbé wa sápá àwọn igi. Mo rí igi náà. Ó ṣì jìnnà, mo ti ń fa àjẹ̀ láti yí kúrò. Ọwọ́ Wàsíù ti jáde. Ó já àjẹ̀ gbà mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé, omi rọ́ wọlé dé kókósẹ̀ wa.

A ń gbọ́n omi síta. Wàsíù ní, "Ọwọ́ mi yá jù. Ẹ ti ń yí i fúnra yín, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí. "Àmọ́ ẹ̀yin náà, Mọ́mì, nípàdé ọjọ́ yẹn, ṣé ẹ jókòó lé ọwọ́ yín?"

Mo gbọ́n omi tó kù síta. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ṣé torí mo jẹ́ obìnrin ni, àbí ẹ mọ̀ pé tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀, ẹ ò ní lè jókòó lé ọwọ́ yín? Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Gbogbo ìgbà yẹn, mo rò pé ẹ ò kà mí sí ni.

Mi ò kábàámọ̀ ohun tí mo sọ. Tí wọ́n bá pè wá lọ́la, màá tún un sọ, kí wọ́n máa pè mí ní Ìyá Apẹja. Ọmọ ẹlòmíì ló máa jókòó ti ọmọ mi lókè, níbi tí kò sí etí omi.

Wàsíù ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò náà, òun nìkan nínú gbogbo wọn. Ọjọ́bọ̀ ni. Ó ní kí n má pe òun, kí n má pe ọ̀gá òun, kí n má tilẹ̀ fi àdúrà ránṣẹ́ sórí fóònù, títí òun fi máa pè mí.

Ọwọ́ kan ni mo jókòó lé báyìí. Èkejì ni mo fi ń kọ̀wé sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì, kí ọwọ́ yìí tó rí àyè gbé fóònù.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ti tukọ̀.