Sí Ọmọ Mi Tó Ń Ṣe Olórí Ìlú Ojú Sánmà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọ́fíìsì, mo sì kí àwọn ènìyàn rẹ tó wà lójú sánmà, bí ebi kò bá tíì pa wọ́n tán. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, kò ní jẹ́ kí o ṣìnà nílẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí o ṣìnà lókè tí o lọ kó ara rẹ sí. Ara tèmi le, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí, ìwọ lo sì fà á, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀. Awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lónìí ni mo fi ìwé yìí rán, torí bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, kí n tó kí ọ tán, wàá ní kí n dúró ná, ilé ti kún, inú ń bí wọn. Lọ́jọ́ Àìkú, mo dúró títí káàdì mi fi tán. Bàbá rẹ ni mí o, mi ò sí lára wọn.

Nígbà tí o wá kí wa kẹ́yìn, tí o tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tí o ò gbórí sókè, o ṣàlàyé fún mi pé ìwọ ni olórí ìlú kan lójú sánmà, pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń pọ̀ ju ilé lọ, wọ́n ń pọ̀ ju oúnjẹ lọ, wọ́n sì fẹ́ pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí lọ. Mo ní afẹ́fẹ́ kẹ̀? O ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ìwọ ọmọ yìí, irú ìlú wo ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe afẹ́fẹ́, tí o wá kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀?

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé o ní o ti tẹ nǹkan kan tí kò ní jẹ́ kí wọ́n bímọ mọ́ títí ilé á fi tó. Ta ló fún ọ láṣẹ? Ìwọ tí ìyá rẹ ti bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀ pé kí o mú ẹnì kan wálé, tí o ní kò tíì yá, ìwọ náà lo wá ń dá tọkọtaya dúró! O ní àmì inú dídùn wọn ti di pupa, o sì kọ́ ilé eré fún wọn kí ara wọn lè balẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Oko ni kí o kọ́kọ́ dá. O tún fẹ́ kó ìdajì wọn sínú ọkọ̀ lọ sí ayé mìíràn tí kò tíì lómi. Háà! Ṣé ìwọ kọ́ lo sá kúrò ní yàrá tí o kọ́kọ́ gbà torí pé omi ẹ̀rọ kì í yọ?

Káfíńtà ni mí, mi ò lè gbọ́ pé ènìyàn ń sùn nílẹ̀ kí n káwọ́ bọtan. Mo mú pákó ilẹ̀kùn oníbàárà mi kan, mo fi kan bẹ́ẹ̀dì fún wọn, irú èyí tó lókè tó nísàlẹ̀, kó má baà gba àyè, ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ti mú mi. Àwọn bẹ́ẹ̀dì náà ti kún pálọ̀ báyìí. Ẹ̀gbẹ́ ni ìyá rẹ fi ń rìn kó tó dé ilé ìdáná, bẹ́ẹ̀ kò ríran dáadáa, ó ti fi orúnkún gbá a, ó sì pè mí ní orúkọ tí mi ò lè kọ síbí. Onígbàjámọ̀ iwájú ilé wa wọlé, ó rí bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní eré orí kọ̀ǹpútà ni, pé ọmọ tòun náà ń ṣe é. Mo ní eré kẹ̀? Ṣé eré ni kò ní jẹ́ kí ọmọ wá wo ìyá rẹ̀? Mo ní kó máa lọ gbá irun ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Dókítà ojú ti ní òun á ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, torí nǹkan funfun ti bo ojú òsì pátápátá, ó sì ti ń bo ọ̀tún bọ̀. Ó ní bí a bá tún sún un síwájú, ọwọ́ òun kò ní ká a mọ́. Ìyá rẹ wá fàáké kọ́rí, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ojú òun àfi bí òun bá kọ́kọ́ rí ọ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, kò gbọ́. Ó ní bí ojú náà bá bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, òun ò fẹ́ kó jẹ́ pé ògiri ọsibítù lòun rí kẹ́yìn. A pè ọ́, o ní o ò lè wá lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ìlú rẹ ń dàgbà lọ́wọ́, bí o bá fi wọ́n sílẹ̀ wọ́n á dìtẹ̀. Ìyá rẹ gbọ́. Ó ní kò burú, ó sì wọ yàrá lọ. O sì mọ̀ pé bí ìyá rẹ bá ti ní kò burú, ó ti burú nìyẹn.

Ó sú mi, ọmọ mi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra pákó ilẹ̀kùn oníbàárà yẹn padà, ẹnu ọ̀nà mi ló ń wá jókòó sí láràárọ̀. Má fi sí báǹkì. Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri wọn ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, mo sì sọ fún un pé a kì í sọ àṣírí ẹni lójú títì. Awakọ̀ ni kí o fún. Ọlọ́run á pèsè fún ọ, ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní tú mọ́ ọ lọ́wọ́, wàá bímọ, wàá rílé kó wọn sí.

Ohun tí mo wá rò ni pé kí o wọ ọkọ̀ máa bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí o bá ti ń sọ̀ ni èmi á wọ ọkọ̀ náà lọ sí yàrá rẹ, màá jókòó ti kọ̀ǹpútà náà títí ìyá rẹ á fi kúrò ní ọsibítù. Ṣáà kọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ oúnjẹ àti ibi tí wọ́n ti ń tẹ afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún mi. Bí wọ́n bá bínú, màá bẹ̀ wọ́n. Màá sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló fẹ́ rí ọ. Wọ́n á gbà, àwọn náà ṣáà ní ìyá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.