Ọ̀já Tí Ẹ Fi Dì Mí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà 2013

Mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìtọ́jú ọmọ wa lónìí, Ẹ̀gbọ́n Domi. Ọjọ́ kejìlá rèé tí a ti sin yín. Àwọn ọmọ mẹ́jọ ló wá: mẹ́fà tó ti ń rìn, méjì tó ṣì wà lọ́wọ́. Kùrukùru bo gbogbo òkè, n kò rí àtẹ̀gùn kọjá ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn àwọn ìyá wọn bí wọ́n ṣe ń gùn bọ̀, pẹ̀lú ìkánjú, kí wọ́n lè já ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n sì sáré lé ọkọ̀.

Àwọn ọmọ béèrè yín. Mo ní ẹ ti lọ. Aldair ní, "Ṣé ọkọ̀ ló gbé Màmá Domi lọ ni, àbí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn?" Mo ní ọkọ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orúnkún máa ń dùn wọ́n."

Fìlà yín ṣì wà lórí ìṣó. Àga yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ ọwọ́. N kò jókòó sí i.

Ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn tí mo gbọ́ yékéyéké: "Feli, má ti ilẹ̀kùn ilé yìí." N kò tì í. Ẹ wò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹfà

Maricielo, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọwọ́ méjèèjì, kò mu wàrà. Mo dì í, ó sùn fọnfọn. Ọ̀já yín ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹfà

Mo ń ronú nípa ọ̀já aláwọ̀ ewé yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni yín nígbà tí wọ́n bí mi, ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà lábúlé, ẹ hun ún. Òun lẹ fi dì mí láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀, kí ọwọ́ mi má baà já mi láyà, kí eegun ẹ̀yìn mi le. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìyá ń ṣe lókè lọ́hùn-ún. Ìjọba ìbílẹ̀ ni kò fẹ́ ẹ. Ìwé òfin wọn wà lára ògiri wa, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i nígbà tí wọ́n fún wa níwèé àṣẹ: a kò gbọ́dọ̀ di ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò dì kì í sùn, tí kò bá sì sùn, á jí èkejì.

Mo rántí ọjọ́ tí ẹ tú u lára Maricielo, tí ẹ ní, "Feli, ó ti le jù." Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ fi dì mí, ṣé mo kú ni?" Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹfà

Bàtà Funfun wá. Ọmọbìnrin tí ìjọba ìbílẹ̀ máa ń rán láti yẹ ilé àwọn olùtọ́jú ọmọ wò — ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí bàtà tó ń wọ̀ gun òkè eléruku yìí. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló máa ń wá. Á wo ìkòkò, á wo ilé ìgbẹ́, á mu tíì, á lọ. Lónìí kò wo ìkòkò. Ibi ibùsùn ló lọ tààrà. Ó ká aṣọ kúrò lára Maricielo.

Ó ní, "Màmá Feli, ẹ mọ̀ pé èyí kò yẹ."

Mo ní òtútù ló fà á.

"Òtútù kọ́, Màmá. Ẹnìkan ti kọ̀wé sí wa."

Mo ní ta ni. Ó ní ẹni náà ní kí àwọn má dárúkọ òun. Ó fi fóònù ya fọ́tò ọ̀já náà. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi ní ọjọ́ kọkànlélógún. Títí di ìgbà náà, n kò gbọ́dọ̀ gba ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan. Tí wọ́n bá rí i pé òótọ́ ni, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ ilé yìí.

Wọ́n á ti ilẹ̀kùn yín, Ẹ̀gbọ́n. Nítorí ẹnìkan tó jókòó, tó mú bírò, tó wò wá láti ibì kan, tó sì ń kí wa láràárọ̀.

Kò mu tíì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà

Rédíò ni, Teófila aládùúgbò wa. Ta ni ì bá tún jẹ́? Pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé wa. Tí mo bá sín, Teófila á ní "pẹ̀lẹ́" láti ọ̀hún. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè yìí tí kò kéde.

Mo bá a nídìí ọkọ̀ olómi, gbogbo wa tò pẹ̀lú bókẹ́ẹ̀tì. Mo ní, sí afẹ́fẹ́, "Àwọn kan wà ládùúgbò yìí tí bírò wọn ti gùn ju ahọ́n wọn lọ."

Ó gbé bókẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. "Èmi lò ń bá wí?"

"Ẹni tó ṣe é mọ ara rẹ̀."

"Felícitas, ọ̀fọ̀ ń ṣe ọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi da omi yìí lé ọ lórí. Tí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ, ibí yìí ni màá ti sọ ọ́, kí awakọ̀ omi gan-an gbọ́!"

Awakọ̀ ní òun ti ń gbọ́ tipẹ́. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé omi mi gun òkè, ìdajì rẹ̀ dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹfà

Mo lọ sí máàsì. N kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà

Nélida gun òkè wá ní aago mẹ́fà àárọ̀, Maricielo ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n ti kọ̀ fún mi. Ó wá síbẹ̀.

"Màmá Feli, inú páálí ló sùn lánàá, lábẹ́ tábìlì ọ̀dùnkún mi lọ́jà. Atẹ́gùn ń fẹ́ gba abẹ́ ibẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́."

Mo gbọ́. Mo ní n kò lè gbà á.

"Ẹ dì í o, ẹ má dì í o, èmi ò wádìí. Ẹ ṣáà gbà á."

Mo ti ilẹ̀kùn. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe? Ilẹ̀kùn tí ẹ ní kí n má tì. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí n kò fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mọ́. Ikọ́ ọmọ náà ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn.

Kí ẹni tó kọ̀wé yẹn wá gbọ́ ikọ́ yìí.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹfà

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹrù yín. N kò lọ jìnnà. Fìlà ló dá mi dúró — èyí tí ẹ máa ń dé lọ sí máàsì àti ilé ìwòsàn nìkan. Mo rántí pé ẹ dé e lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹta, ẹ dá nìkan sọ̀kalẹ̀, ẹ ní ẹ ń lọ wá òwú. Odindi ọ̀sán. Ẹ padà dé láìmú òwú kankan bọ̀. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin wo lẹ lọ rí?" Ẹ ní, "Arúgbó ni. Kò léyín." A rẹ́rìn-ín títí ìrora fi mú yín, tí ẹ di ẹ̀gbẹ́ yín mú.

Láti ìgbà yẹn lẹ ti gbé àga yín sẹ́bàá ibùsùn àwọn ọmọ ọwọ́. Ẹ ní ibẹ̀ móoru.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹfà

Rédíò gbé ọbẹ̀ ọkà kínúà wá, ó fi aṣọ bò ó. Mo dà á fún ajá níṣojú rẹ̀.

Ó wo ajá, ó wò mí. "Ajá yẹn mọ oúnjẹ jù ọ́ lọ."

Lẹ́yìn náà ó jókòó lórí òkúta ẹnu ọ̀nà wa, n kò sì ní kó jókòó. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀ báyẹn rí.

"Felícitas. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló máa ń bá mi ka ìwé owó iná mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà sí ọmọ mi ní Chile. Àtàǹpàkò ni mo fi ń fọwọ́ sí gbogbo nǹkan láyé mi. Ó yá, bírò wo ni mo fi kọ ọ́?"

Ojú tì mí. Ọdún mọ́kànlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, n kò mọ̀ pé kò mọ̀wé. Mo ní kó má bínú. Ó ní, "Bínú kẹ̀? Abọ́ mi ni kóo fọ̀ dáadáa. Ajá ti lá a."

Ẹ̀yin mọ̀, ẹ kò sọ fún mi rí. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ pa mọ́, Ẹ̀gbọ́n.

Ta wá ni?

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà

Ọ̀la ni. Mo ti mọ ohun tí màá sọ: ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ọ̀fọ̀ ló fà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹfà

Domi.

Ẹ̀gbọ́n kò wá sẹ́nu mi lónìí.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì: obìnrin alága, bàbá kan tó ń ṣojú àwọn òbí, àti Bàtà Funfun. Alága bi mí bóyá mo máa ń di àwọn ọmọ. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn ìsìnkú. Irọ́ náà yọ̀ lẹ́nu mi wẹ́rẹ́. Ó wá ka lẹ́tà náà sókè.

"Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo bá ọmọ oṣù méjì nínú ọ̀já tí wọ́n fà le. Ètè rẹ̀ ti dúdú bí àgbàdo dúdú tí a fi ń se ohun mímu. Mo tú u. Ó pẹ́ kó tó mí dáadáa. Ẹni tó dì í wà nídìí ààrò, ó ń kọrin, kò mọ̀. Nígbà tó dé, mo sọ fún un pé ó le jù. Ó bi mí bóyá òun kú nígbà tí mo di òun."

Ta ló wà nílé lọ́jọ́ náà? Èmi. Ìwọ. Àwọn ọmọ.

Mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà náà hàn mí. Alága ní kò bófin mu. Bàtà Funfun yí i sí mi lórí tábìlì. Mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn mọ̀ kí n tó ka ọ̀rọ̀ kan. Òun lo fi kọ́ mi ní ábídí. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta lo kọ sórí rẹ̀. Ọjọ́ fìlà. Ọjọ́ òwú.

Bàtà Funfun ní o fún òun nínú àpòòwé tí o lẹ̀ pa, o ní kí òun má ṣí i àfi tí o bá kú. Nísàlẹ̀ lo kọ ọ́ sí: "Nígbà tí ẹ bá ń ka èyí, n kò sí níbẹ̀ mọ́ láti ṣọ́ àwọn ọmọ náà. Ẹ má lé àbúrò mi, ọwọ́ rẹ̀ dára fún ọmọ. Ẹ kọ́ ọ. Kò ní gbọ́ lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni."

O dúró kí o kú kí o tó bá mi wí. Ọdún mọ́kànlá nínú yàrá kan. Mo wẹ̀ fún ọ, mo gbé ọ lọ ilé ìgbẹ́, mo fi ṣíbí bọ́ ọ. O di ọwọ́ mi mú, o ní kí n má ti ilẹ̀kùn — lẹ́tà yẹn sì ti wà nínú àpòòwé. Mo bá Teófila jà nítorí rẹ. Mo lé Nélida nítorí rẹ. Ìwọ lo hun ọ̀já náà! Ìwọ lo fi dì mí!

Alága tún béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé náà. Mo lè sọ pé aláìsàn ló kọ ọ́, pé oògùn ti dà á lórí rú. Ó wà lórí ahọ́n mi. Bàbá yẹn ń retí rẹ̀, ó ti ń mi orí sí mi pé kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ojú rẹ lọ́jọ́ náà, tí mo bi ọ́ bóyá mo kú. O kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní òótọ́ ni.

Wọn kò gba ìwé àṣẹ. Àwọn ọmọ ọwọ́ lè padà wá, ṣùgbọ́n Bàtà Funfun á máa wá láràárọ̀ fún oṣù kan, á kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ́ ọmọ sùn. Èmi, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Bí o ṣe fẹ́ kó rí ló rí. Ṣé inú rẹ dùn?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹfà

N kò ní nǹkan kan láti bá ọ sọ.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹfà

Aago mẹ́fà, Nélida kanlẹ̀kùn. Mo ṣí i. Kò wo ojú mi. Ó gbé ọmọ fún mi, ó sáré sọ̀kalẹ̀. Ikọ́ ṣì wà láyà ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ.

Bàtà Funfun dé ní aago méje. Ó wò, ó fi hàn mí, ó mu tíì, ó lọ.

Ọ̀já náà wà lábẹ́ fìlà yín, lórí ìṣó.

Mo tẹ́ Maricielo sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lóde. Wọ́n ń ta gìrì bíi pé kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n ń já a láyà, ó ń ké. Mo fún un ní ìka mi kan. Ó gbá a mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí bí mo ṣe tẹ̀ síbẹ̀. Mo ní láti jókòó. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Kò móoru. Atẹ́gùn ń gba abẹ́ pákó ibẹ̀ wọlé. Láti orí àga yìí èèyàn kò rí ààrò, kò rí ilẹ̀kùn, kò rí ojú ọ̀nà. Ètè ọmọ nìkan lèèyàn ń rí.

Ẹ jókòó síbí fún oṣù méjì, pẹ̀lú ìrora yẹn.

N kò tí ì dárí jì yín, Ẹ̀gbọ́n Domi. Ó ti sùn. Mo ń wo ètè rẹ̀.