Ìpín Ajá Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Mirk

                                                  Ilé Telfer,
                                                  Ẹ̀gbẹ́ Afárá,
                                                  Yarrowheugh,
                                                  Selkirk.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, ọdún 2018.

Ishbel, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Rab ọkọ rẹ ńkọ́? Mo ní ìgbàgbọ́ pé ikọ́ tó ń bá a fínra láti ìgbà tí ẹ rẹ́ irun àgùntàn ti lọ. Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí ilé ìdáná, àbí ẹ ṣì ń gbé tíì gòkè lọ bá wọn? Àwọn ẹṣin rẹ ńkọ́? Tarn ńkọ́? Ara tèmi le, àfi òtútù tó ti dé, àti òjò tí kò jẹ́ ká rí orí òkè láti ọjọ́ Ajé.

Nígbà tí o pè mí ní Sátidé, n kò lè bá ọ sọ̀rọ̀ pẹ́ nítorí pé mo wà lọ́dọ̀ aláìsàn kan. Mirk ni aláìsàn náà, ajá Wattie Laidlaw, ọmọ ìyá Tarn rẹ. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti yè. Láàárọ̀ yìí ó jẹun, ó gbó mọ́ ológbò mi, ó sì tọ̀ sí ẹsẹ̀ tábìlì. N kò tíì rí ìtọ̀ tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kó yé ọ kí n tó máa bá ìròyìn lọ. Bí àwa dókítà ẹran bá sọ pé oògùn gbòdì lára ẹran, ohun tí à ń sọ ni pé oògùn tó yẹ kó ṣe é ní àǹfààní, tàbí tó yẹ kó kọjá lára rẹ̀ láìṣe é ní nǹkan kan, ni ó yí padà tó ń ṣe é léṣe. Kì í ṣe pé oògùn náà bàjẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ pé wọ́n fún un jù. Oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà: ajá kan á gbé e mì, á máa bá eré rẹ̀ lọ, ajá kejì á dákú.

O rántí pé ẹgbẹ́ mi ni Wattie, àwa méjèèjì la jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìbàdí rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu gidigidi. Mirk nìkan ni ajá tó kù fún un, ó sì ti sọ pé òun ò ní kọ́ ajá mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, pé Mirk ni ẹsẹ̀ tí òun fi ń gun òkè. Àsìkò tí wọ́n máa ń tú àwọn àgbò sáàárín abo àgùntàn sì ti tó. Bí kò bá sí ajá tí yóò kó àgùntàn sọ̀kalẹ̀, Wattie yóò fi oko sílẹ̀, yóò sì lọ gbé ní ìgboro. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, kò sì fi ṣe àwàdà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, òun àti Àǹtí Netta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, wọlé tọ̀ mí wá. Wattie gbé Mirk mọ́ àyà bí ọmọ àgùntàn tuntun. Itọ́ ń dà lẹ́nu ajá náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọlójú rẹ̀ sì ti fẹ̀ débi pé n kò rí àwọ̀ ojú rẹ̀ mọ́. Mo ju ọwọ́ síwájú ojú rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Kò ríran.

“Kí ló jẹ?” ni mo bi Wattie.

“Oúnjẹ rẹ̀ ni.”

“O ò fún un ní oògùn kankan?”

“Una, n kì í fún ajá ní oògùn. Èmi alára, n kì í lo oògùn.”

Àǹtí Netta ní, “Òótọ́ ló sọ. Eyín tó ń dùn ún láti èṣín, ọtí ló fi ń fọ̀ ọ́. Ọtí náà kì í sì í jáde padà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ajá ń kú lọ, eyín mi ni ẹ ń kà.”

Mo bi í nípa májèlé eku. Mo bi í nípa èyí tí wọ́n ń dà sí oko nítorí ìgbín. Ó ní kò sí ọ̀kankan nílé. Mo wá jókòó síwájú rẹ̀, mo ní, “Má sọ ohun tí ìwọ ṣe lánàá mọ́. Ohun tí Mirk ṣe ni kí o sọ fún mi, láti ìgbà tó jí.”

Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Mirk jí, ó jẹun, wọ́n gun òkè, ó kó àwọn àgùntàn wá sí ọgbà. Ọjọ́ oògùn aràn ni, nítorí wọ́n máa ń fún àwọn abo ní oògùn kí àwọn àgbò tó wọ àárín wọn. Mirk dúró ti ọ̀nà tóóró inú ọgbà náà títí àgùntàn ìkẹyìn fi kọjá. Wattie ní, “Ó wá jókòó síwájú mi, ó gba ìpín ajá, a sì lọ sílé.”

“Kí ni ìpín ajá?”

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í kí ni wọ́n ń pè ní òjò. “Èyí tó bá kù nínú ìbọn. Ibo ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ná?”

“Ilé ẹni tó ń pín lẹ́tà ni,” ni mo dá a lóhùn. “Bàbá wa ò sin àgùntàn.”

Ìbọn tó ń wí ni èyí tí wọ́n fi ń fún oògùn sí àgùntàn lẹ́nu. Láti ayé bàbá bàbá Wattie, bí iṣẹ́ bá parí ní oko Laidlaw, oògùn tó ṣẹ́kù nínú ìbọn kì í ṣòfò. Ajá tó ṣiṣẹ́ ló ni ín. Wọ́n á fún un sí i lẹ́nu, ajá á lá ètè, gbogbo ènìyàn á sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán. Gbogbo ajá tí wọ́n ti sìn níbẹ̀ ló gba ìpín yìí, kò sì ṣe ọ̀kankan nínú wọn ní nǹkan kan. Wattie kò purọ́ fún mi. Lójú tirẹ̀, aláìsàn là ń fún ní oògùn. Ìpín ajá, ẹ̀tọ́ ajá ni.

Mo ti fura sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Mo bi wọ́n pé irú ajá wo ni ìyá Mirk, nítorí n kò rántí. Àǹtí Netta ló dáhùn.

“Kóólì onírun gígùn tí ìyàwó pásítọ̀ ń sìn. Ọ̀gbẹ́ni yìí ló ní òun fẹ́ ajá tó rẹwà. Mo sọ fún un nígbà náà pé ẹwà kì í kó àgùntàn.”

“Ó ń kó o,” ni Wattie wí, kò gbójú sókè. “Ó ń kó o ju gbogbo èyí tí bàbá wa sìn lọ.”



Ishbel, fọkàn bá mi lọ níbí. Ọpọlọ ní ẹnu ọ̀nà, adènà sì wà níbẹ̀. Bí oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ wọlé, adènà á tì í padà síta. Ohun tí oògùn aràn yẹn ń ṣe ni pé ó ń mú kí ara aràn kú tipiri, tí kò fi ní lè mira mọ́. Bó bá ráyè wọ ọpọlọ ajá, irú ohun tí yóò ṣe fún ajá náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kóólì onírun gígùn ni wọ́n bí láìsí adènà yìí, àjogúnbá ni. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn kóólì darandaran ní tiwọn, ìyẹn ni ìpín ajá kò fi pa àwọn ajá bàbá Wattie. Ìka kò dọ́gba, kóólì náà kò sì dọ́gba.

Kò sí oògùn kan tí a lè fún Mirk kí ti inú ara rẹ̀ parẹ́. Ohun tí a lè ṣe kò ju pé kí a mú ẹ̀mí rẹ̀ dání títí oògùn náà yóò fi jáde fúnra rẹ̀. A fa omi sí i lára. A fi ìkunra sí ojú rẹ̀ tí kò lè ṣẹ́ mọ́. A ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, nọ́ọ̀sì mi ti fa oògùn amáratuni tí a sábà ń lò sínú abẹ́rẹ́. Mo ní kó dá a padà, nítorí ìyẹn náà wà lára àwọn tí adènà yẹn ń tì síta. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, Mirk kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ń mí, ṣùgbọ́n èémí náà jìnnà síra.

Mo sọ òtítọ́ fún Wattie pé bí ajá náà bá lè máa mí fúnra rẹ̀, a ó rí i gbà là, ṣùgbọ́n bí kò bá lè mí mọ́, n kò ní ẹ̀rọ tí yóò bá a mí.

Ó ní, “Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fún un.”

Mo ní, “Ohun tí bàbá rẹ fún tirẹ̀ náà lo fún un. Lọ jẹun.”

Kò lọ. Ní Sátidé, kété lẹ́yìn tí o pè, ó jókòó ti Mirk bó ti ń ṣe lójoojúmọ́. Ó ká ètè jọ, ó sì súfèé wẹ́rẹ́, irú èyí tó fi máa ń ní kí ajá yí sí apá òsì lórí òkè. Nọ́ọ̀sì wò mí. Ó rò pé orí ọkùnrin náà ti dàrú. Etí Mirk kan gbéra. Wattie tún súfèé náà. Etí náà tún gbéra.

“Ó ń gbọ́,” ni Wattie wí. “Ìmẹ́lẹ́ ló kàn ń ṣe.”

Àǹtí Netta, tí wọ́n ti ń bú Wattie láti àárọ̀ pé kò wẹ̀, ní àwọn fẹ́ lọ wò bóyá àwọn ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Wọ́n pẹ́ níta.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń sunwọ̀n. Ó gbé orí sókè ní ọjọ́ Ajé. Ojú rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀. Ó dìde, ó forí gbá ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó tún dìde. Ọbẹ̀ bálì tí Àǹtí Netta gbé wá ló jẹ láàárọ̀ yìí. Ọ̀la ni yóò lọ sílé. Wattie ti sún ọjọ́ àgbò síwájú. Ó ní kí àwọn àgùntàn bímọ nígbà tó bá wù wọ́n, òun ń dúró de ajá òun.

Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ oògùn ẹran, nítorí bí dókítà kọ̀ọ̀kan bá rí irú èyí tó sì pa á mọ́ra, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ó wọ́pọ̀. Wattie bi mí bóyá wọ́n á wá mú òun. Mo ní wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Àǹtí Netta sì ti ṣe òfin tiwọn: ìpín ajá kò ní parẹ́ ní oko Laidlaw, ṣùgbọ́n wàràkàṣì ni yóò máa jẹ́ láti ìsinsìnyí.

Ọ̀rọ̀ wá kàn ọ́. Mo ṣe àyẹ̀wò Mirk àti ìyá rẹ̀, èsì sì dé lánàá: ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá méjèèjì ni Mirk ti jogún àìpé adènà yìí. Ìyá rẹ̀ kò ní adènà rárá, kò sì ní èyí tí yóò fún ọmọ kankan. Bàbá rẹ̀, ajá darandaran tí gbogbo wa fọkàn tán, gbé ìdajì àìpé náà pamọ́ láti ọ̀dọ̀ ìran onírun gígùn kan tí a kò mọ̀. Ó dájú, nígbà náà, pé Tarn gba àìpé láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bóyá ó gbà á láti ọ̀dọ̀ bàbá pẹ̀lú, ìdajì sí ìdajì ni. Irun rẹ̀ kò lè sọ fún wa. O sì sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni o fẹ́ fún àwọn ẹṣin ní oògùn aràn. Irú oògùn kan náà ni.

Bá mi kí Rab, kí o sì bá mi kí ìyá ọkọ rẹ. Sọ fún wọn pé mo ṣì ń jẹ èso tí wọ́n sè sínú ṣúgà fún mi.

Igi tín-ín-rín méjì tí a wé òwú mọ́ lórí wà nínú lẹ́tà yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó bá dé ọwọ́ rẹ, kí Tarn tó jẹun, fi wọ́n ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa, jẹ́ kí wọ́n gbẹ, kí o sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Títí èsì yóò fi dé, má jẹ́ kí oògùn kankan kàn án lẹ́nu láìbi mí, títí kan èyí tí Rab ń lò bí inú rẹ̀ bá ń ṣe gbuuru; abéèrè kì í ṣìnà. Bí o bá sì fẹ́ fún ẹṣin ní oògùn, ti Tarn mọ́ inú ilé, fọ èyí tó bá kán sílẹ̀, má sì jẹ́ kó dé pápá títí o ó fi kó ìgbẹ́ wọn kúrò níbẹ̀, nítorí oògùn náà máa ń bá ìgbẹ́ jáde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀,

Una.