Kúlà Ẹja Verlin

Verlin,

Má wá kúlà tí o ń kó ẹja àti yìnyín sí kiri ilé o. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù mi ló wà. Mo ti fi dírììlì lu ú ní ihò mẹ́rin nídìí, mo sì fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀ pinpin.

Nígbà tí mo ní kí a ra àpótí irin tí màá máa kó irinṣẹ́ mi sí lẹ́yìn ọkọ̀, ìwọ lo ní ó ti wọ́n jù, lo bá lọ ra irú àpótí oníke tí ìyá rẹ ń kó ọ̀ṣọ́ Kérésì sí fún mi. Mo ní, "Atẹ́gùn Wyoming yìí ńkọ́?" O ní, "Lorna, àpótí ṣáà ni àpótí ń jẹ́." Láàárọ̀ yìí ni atẹ́gùn gbé ìdérí rẹ̀ lọ lójú títì, òjò sì rọ kún un. Ẹṣin méje ló ń dúró kí n wá kan bàtà fún wọn lóko Haverkamp, òòlù àti ìṣó mi sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ike náà. Gbogbo àwọn ará oko náà fi mí rẹ́rìn-ín.

Kúlà tìrẹ ní àgádágodo, omi ò lè wọ̀ ọ́, kò sì ná wa ní sẹ́ǹtì kan. Ṣebí ohun tí ò wọ́n lo fẹ́?

Tí ìwọ àti Dewitt ọ̀rẹ́ rẹ bá lọ pẹja ní Sátidé, inú ike yẹn ni kẹ́ ẹ kó yìnyín yín sí. Àpótí ṣáà ni àpótí ń jẹ́.

Lorna