Ta Ló Dín Agbára Bàbá Onírùngbọ̀n Kù?

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́? Àwa náà ń bẹ láàyè, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ẹ̀yìn ń dùn ún díẹ̀ nítorí pákó tó gbé, àmọ́ ẹnu ò dùn ún. Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kí o ṣe iṣẹ́ àṣedànù níbẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo jókòó sí kọ lẹ́tà yìí, torí awakọ̀ tó máa mú un wá fún ọ ń lọ láàárọ̀ ọ̀la, owó orí fóònù sì tán lánàá níbi tó yẹ kí n ti dá ọ lóhùn gan-an.

Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí o ti sọ fún wa pé iṣẹ́ rẹ ni kí o máa mójú tó àwọn tó ń jà nínú fóònù, kí agbára wọn má ju ara wọn lọ, la ti ń fọkàn bá ọ ṣe é. O ṣàlàyé rẹ̀, ó sì yé mi. O ní ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ bá wúwo gbọ́dọ̀ lọ́ra, ẹni tó bá yára, kí ẹ̀ṣẹ́ tiẹ̀ fúyẹ́, ẹni tó bá sì ní ọgbọ́n ńlá kan tó fi ń dá èèyàn, kí ó ní ibi tí a ti lè rí i mú. O ní bí ẹnì kan bá ń borí gbogbo èèyàn, òun nìkan ni gbogbo ayé á máa mú fi jà, eré á sì sú wọn. Bó bá sì jẹ́ ẹni tí gbogbo èèyàn ń nà, kò sẹ́ni tó máa mú un mọ́. Mo ní bí mo ṣe tọ́ ẹ̀yin mẹ́ta náà nìyẹn. Ìwọ mọ̀wé, o ò mọ abẹ́rẹ́ mú. Àbúrò rẹ lágbára, oorun ń ṣe é. Àbíkẹ́yìn yára, ẹnu rẹ̀ ò sì dúró. Kò sẹ́ni tó borí ẹnì kejì nínú yín, àfi lórí ẹran.

Ìdí nìyẹn tí o fi fi eré náà sínú fóònù èmi àti bàbá rẹ, pé kí a máa jà, kí a máa sọ ẹni tó ń borí fún ọ. A ṣe é tọkàntọkàn. Mo tiẹ̀ máa ń fi àkísà bo fóònù kí òtútù má baà mú wọn. Nígbàkigbà tí o bá sì bi wá, ohun kan náà là ń sọ, pé Bàbá Onírùngbọ̀n tó ń fi ọ̀pá jà yẹn, kò sẹ́ni tó nà án rí nílé yìí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Àfi bí fóònù mi ṣe ní òun fẹ́ gbé nǹkan tuntun wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé mo gbà. Èmi tí mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo lé àlejò, mo ní mo gbà. Ó bi bàbá rẹ náà nínú fóònù tiẹ̀. Bàbá rẹ ní òun ò lè gba ohun tóun ò fojú rí, ó tẹ rárá.

Lọ́jọ́ kejì, bíríkìlà tó ń kọ́lé lódìkejì wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Mo ní kó máa fi fóònù mi ṣeré kí n fi bọ́tìnì sí i. Ó mú Géńdé, ẹni tó ń fi irin jà, fóònù sì gbé Bàbá Onírùngbọ̀n kò ó. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ gbì. Géńdé gbá Bàbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Bàbá nà gbalaja, kò mira. Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá rẹ sáré wọlé tòun ti ayùn. Bíríkìlà ń bi wá pé kí lòun ṣe, mo bi í bóyá kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Kò dúró gba ṣòkòtò mọ́.

Mo ti rò pé ìkà bíríkìlà ni, kí o tó pè lánàá. O ní ìwọ lo dín agbára Bàbá kù. Ìwọ tí mo bí. O ní nítorí ìròyìn tí àwa ń mú wá ni, pé ní báyìí àwọn tó ń ṣeré nílùú ń pariwo pé Bàbá ti di ahẹrẹpẹ, ọ̀gá rẹ sì ti ní bí ọ̀rọ̀ Bàbá ò bá tọ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí o kó ẹrù rẹ. O wá bi mí pé báwo gan-an la ṣe ń bá a jà nílé tí kò fi ṣubú rí. Ibẹ̀ ni owó ti tán.

Èsì mi rèé. Ta ni ó bá a jà? Àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun tó báyẹn, tó ju bàbá tó bí mi lọ? Bó bá ti yọjú, a máa ń káwọ́ sẹ́yìn ni, a ó jẹ́ kí ó nà wá tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, bàbá rẹ á sì ní ẹ ṣeun, sà. Bí àbúrò rẹ bá fẹ́ ta á nípàá, mo máa ń gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé gbogbo ni. Àṣé ńṣe ni àwọn ará ìlú ń gbá a létí! Irú ayé wo rèé?

Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá rẹ, ó ní bó bá jẹ́ pé ọ̀wọ̀ wa ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, a ò ní káwọ́ mọ́. Fóònù tiẹ̀ tó kọ̀ jálẹ̀ ṣì ní Bàbá ti àtijọ́ nínú, agbára rẹ̀ pé. A kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, a ní kó má bínú, ọ̀ràn ọmọ ni. Mo mú Géńdé, mo dijú, mo fi irin gbá a. Bàbá ṣubú. Ẹkún ti ń bọ̀ lójú mi, àfi bó ṣe dìde, tó fi ọ̀pá kó mi lẹ́sẹ̀, mo bá ara mi nílẹ̀. Bàbá rẹ mú ọmọbìnrin tó máa ń fò nínú eré náà, ó fi na Bàbá, Bàbá náà nà án padà. Bí a ṣe ń bá a bọ̀ títí ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, ó ń nà wá, à ń nà án. Ó lọ́ra lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá kù gììrì sún mọ́ ọn yóò jẹ ọ̀pá. Ẹni tó bá ní sùúrù kó ju ọ̀pá tán, yóò rí i mú. Agbára rẹ̀ àtijọ́ kò pọ̀ jù, kò kéré. Jọ̀ọ́, dá a padà fún un.

Fi owó fóònù ránṣẹ́, òwú funfun mi náà ti ń tán. Kí o sì fi owó aṣọ kún un, pẹ̀lú ìwọ̀n èjìká Bàbá àti gígùn apá rẹ̀, mi ò lè máa wo àgbà tó ń jà láìwọ ẹ̀wù.

Orí rẹ kò ní gbàbọ̀dè. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìjókòó rẹ kò ní rí i gbà. Ọwọ́ tí mi ò gbé sí àgbà rí láyé mi, mo ti gbé e báyìí nítorí rẹ, kò ní já sí asán.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ti na àgbà.