Idà Tí Wọ́n Bá Mi Pọ́n

Ṣábẹ̀ẹ́, ìrọ̀lẹ́ Sátidé, oṣù kejì, 1961

Inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Wọ́n ti ba idà mi jẹ́! Idà eré ìdíje tí mo gbé bọ̀ láti Faransé, tí mo fi borí àwọn ọ̀gá sójà ẹgbẹ́ mi lọ́hùn-ún. Kò mú rárá tẹ́lẹ̀. Kókó irin kékeré wà ní ṣóńṣó rẹ̀ kí ó má baà gún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ fi kan ẹnìkejì láyà ló borí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì ni ìdíje wa ní Dakar.

Mo kàn lọ kí àwọn èèyàn wa ní abúlé Kaboua ni. Kí n tó padà dé, Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ. Wọ́n gé kókó náà sọnù, wọ́n pọ́n ọn títí ó fi ń dán bí abẹ.

"A ti bò ọ́ láṣìírí," ni Bàbá wí. "Odindi ọ̀gá sójà, idà rẹ̀ ò lè gé ilá!"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Èmi náà ni mo dúpẹ́!

Nígbà tó yá, mo rọra ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ṣeré mọ́."

Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Àwọn Faransé ti lọ. Ta ló tún ní kí o máa fi ṣeré?"

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.